Kí Wọ́n Tó Lu Ihò Àkọ́kọ́

Lórí òkè Nimba, níbi tí ilẹ̀ Gínì, Kódifuà àti Làìbéríà ti pàdé, ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí kì í yé ẹyin. Èyí tó dàgbà nínú wọn kò gùn tó ìdajì ìka ọwọ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni abo rẹ̀ fi ń lóyún, bíi ti obìnrin, ọmọ tó bá sì bí, ọ̀pọ̀lọ́ pípé ni: ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà lára rẹ̀, kò ní ìrù, kò sì nílò adágún tí yóò ti dàgbà. Ìgbà òjò ni ó máa ń bímọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, gbogbo wọn a wọ inú ilẹ̀ lọ, wọn a fara pamọ́ sínú pàlàpálá òkúta títí òjò yóò fi padà. Nimbaphrynoides occidentalis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Fernand Angel ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún aráyé ní ọdún 1943. Àjọ IUCN, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu, fi sí ìpele tó le jù lọ kí ẹ̀dá tó parun nínú igbó. Ìdí kò jìnnà: kò sí òkè mìíràn láyé tó ti ń gbé.

Irin ló wà lábẹ́ koríko tí ọ̀pọ̀lọ́ yìí ń gbé. Kì í sì í ṣe pé irin náà kàn ṣèèṣì wà níbẹ̀. Òkúta irin yẹn le ju òkúta tó yí i ká lọ. Òjò àti oòrùn ti jẹ àwọn yòókù láti àìmọye ọdún, èyí tó kún fún irin sì dúró gẹ́gẹ́ bí òkè. Ohun tó dá ibùgbé ọ̀pọ̀lọ́ náà sílẹ̀ gan-an ni àwọn awakùsà ń wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn, nítorí a kò lè kó irin náà lọ kí a sì fi òkè sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọ́.

Ní apá Làìbéríà, iléeṣẹ́ LAMCO ti wa irin láti ọdún 1963 títí di ọdún 1989, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú irin kó o lọ sí etíkun ní Buchanan, ihò ńlá tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ní apá Gínì, UNESCO sọ òkè náà di ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 1981, wọ́n fi apá Kódifuà kún un ní 1982. Nígbà tó di 1992, ó ti bọ́ sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi àjogúnbá tó wà nínú ewu, nítorí ìwéwèé láti wa irin àti nítorí àwọn tí ogun lé wọ agbègbè náà. Wọ́n tún ààlà rẹ̀ wò, ilẹ̀ bíi héktà 1,550 sì bọ́ síta gẹ́gẹ́ bí ibi tí àwọn awakùsà lè ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ìṣàwárí ti lọ, ó ti bọ̀, lórí òkè tí igbó àbò yí ká.

Ìṣàwárí ni mo fẹ́ kí a gbájú mọ́ nínú orí yìí, nítorí òun ni àwọn ènìyàn máa ń fojú kékeré wò. Tí ọ̀rọ̀ ìwakùsà bá délẹ̀, ihò gbàǹgbà àti katakata ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ìṣàwárí kì í rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa òkúta á kọ́kọ́ wá, wọn á ṣa òkúta, wọn á bu yẹ̀pẹ̀ odò. Ọkọ̀ òfuurufú lè fò kọjá pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń yẹ ilẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á la ojú ọ̀nà tóóró tóóró gba inú igbó kọjá, ní ìlà gbọọrọ, kí wọ́n lè máa gba yẹ̀pẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti wọn sílẹ̀. Bí ohun tí wọ́n rí bá dára, wọ́n á gbé ẹ̀rọ tó ń lu ilẹ̀ wá. Ẹ̀rọ yẹn nílò ibi títẹ́jú tí yóò dúró sí, ó nílò omi, ó nílò epo, ó nílò ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà gbé e dé ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á pàgọ́, wọn á máa dáná, wọn á tan jẹnẹrétọ̀ lóru.

Nínú ìwé tí iléeṣẹ́ bá kọ ránṣẹ́ sí ìjọba, ẹ ó rí i pé gbogbo ihò tí wọ́n lu, tí a bá kó wọn jọ, kò tó ilẹ̀ pápá bọ́ọ̀lù kan. Òótọ́ lè ni. Ṣùgbọ́n ihò kọ́ ni kí a wọ̀n. Púpọ̀ jù lọ nínú ibi tí wọ́n ti ń ṣàwárí ni kò ní di ibi ìwakùsà láéláé, nítorí pé ohun tí wọ́n rí kò tó nǹkan. Èyí túmọ̀ sí pé ilẹ̀ tí ìṣàwárí ń kàn pọ̀ ju ilẹ̀ tí ìwakùsà ń kàn lọ fíìfíì, ó sì túmọ̀ sí pé níbi tó pọ̀ jù, ọ̀nà tí wọ́n là á wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ bá ti lọ, láìsí ẹnikẹ́ni tí yóò dáhùn fún un. Ọ̀nà yẹn ni ọdẹ tó ń pa ẹran ìgbẹ́ fún ọjà ìlú ńlá máa gbà. Òun ni agégẹdú máa gbà, òun ni ẹni tó ń wá ilẹ̀ kòkó máa gbà. Igbó tó jẹ́ pé ìrìn ọjọ́ kan ni kí ènìyàn tó dé àárín rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá di ibi tí alùpùpù ń dé kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú ènìyàn. Bí mo bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tó ń pa ẹranko jù nínú iṣẹ́ ìṣàwárí, ọ̀nà ni n óò mú.

Àríwo náà ní tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Gàbọ́n, àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ mọ́ igi nínú igbó tí àwọn tó ń wá epo rọ̀bì ti ń fi ẹ̀tù abúgbàù mú ilẹ̀ mì, kí wọ́n lè mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Peter Wrege àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde jáde ní ọdún 2010. Ohun tí wọ́n gbọ́ kò bá ìrètí mu. Àwọn erin kò sá kúrò. Ńṣe ni wọ́n yí ìgbà padà: ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́sàn-án tẹ́lẹ̀, wọ́n ń ṣe é lóru. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó bá wọ igbó yẹn lọ́sàn-án láti wo bóyá erin ṣì wà yóò padà pẹ̀lú ìròyìn pé wọ́n ti lọ. Ẹni tó bá ka ìgbẹ́ erin nílẹ̀ yóò sọ pé wọ́n wà, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Àwọn méjèèjì kò ní mọ̀ pé ìgbé ayé àwọn ẹranko náà ti dojú rú. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ tọ̀sán-tòru ló tú àṣírí náà.

Erin lè yí ìgbà padà. Ìnàkí kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣinpansí ni mò ń pè ní ìnàkí níhìn-ín; ẹ̀yà rẹ̀ ti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ń gbé láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Gánà, Gínì sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Àwọn ìnàkí ní ilẹ̀, agbo kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, àwọn akọ sì ń ṣọ́ ààlà pẹ̀lú ẹ̀mí wọn. Tí àríwo bá lé agbo kan kúrò níbùgbé rẹ̀, orí ilẹ̀ agbo mìíràn ni yóò bọ́ sí, ìjà yóò sì ṣẹlẹ̀, wọ́n sì máa ń pa ara wọn. Ní Lopé, ní Gàbọ́n kan náà, àwọn onímọ̀ tó tẹ̀ lé àwọn agégẹdú rí i pé ìnàkí dín kù gan-an lẹ́yìn tí iṣẹ́ wọ igbó, bẹ́ẹ̀ wọn kò gé igi púpọ̀ lórí héktà kan. Irú ìjà yìí ni wọ́n rò pé ó fà á. Ìnàkí tó bá kú kì í tètè ní arọ́pò. Abo rẹ̀ ń tó bí ọdún 13 tàbí 14 kó tó bí àkọ́bí, ó sì ń fi ọdún 5 tàbí 6 sáàárín ọmọ kan àti èkejì. Agbo tó pàdánù ìyá mẹ́ta nítorí ọ̀nà tuntun kan yóò máa jìyà rẹ̀ fún ogún ọdún.

Ikọ́ àwọn òṣìṣẹ́ gan-an jẹ́ ewu. Nínú igbó Taï ní Kódifuà, àìsàn èémí pa ìnàkí lemọ́lemọ́ láti ọdún 1999 sí 2006. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú wọn wò, àwọn kòkòrò àrùn tó ń fún àwa ènìyàn ní ọ̀fìnkìn lásán ni wọ́n bá nínú wọn. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní 2008. Bí ọ̀fìnkìn ẹni tó wá ṣèwádìí wọn pẹ̀lú ìfẹ́ bá lè pa wọ́n, kí ni ká wá sọ nípa àgọ́ tí ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ń gbé, tí wọ́n ń ya ìgbẹ́ sínú igbó?

Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ka ìnàkí, nítorí pé inú kíkà náà ni òtítọ́ ti ń sọ nù.

Ìnàkí kì í dúró kí a kà á. Ṣùgbọ́n ní alaalẹ́, ìnàkí kọ̀ọ̀kan tó ti já lẹ́nu ọmú a máa ká ẹ̀ka igi pọ̀, a fi tẹ́ ìtẹ́ tuntun, a sùn síbẹ̀. Ìtẹ́ ni àwọn onímọ̀ ń kà. Wọ́n á fa ìlà gbọọrọ la igbó kọjá, wọ́n á máa rìn lórí rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ojú lókè, wọ́n á sì wọn bí ìtẹ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n rí ṣe jìnnà sí ìlà náà tó. Bí ìtẹ́ bá ṣe jìnnà sí, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń tàsé rẹ̀ sí, ìṣirò sì ń tún ìyẹn ṣe. Ìṣòro ńlá ni iye ọjọ́ tí ìtẹ́ ń lò kó tó jẹrà. Ká ní iye ìtẹ́ tó wà nínú igbó kan jẹ́ 600. Bí ìtẹ́ bá ń lo 100 ọjọ́ níbẹ̀, ìnàkí bíi 6 ló tẹ́ wọn. Bí ó bá ń lo 200 ọjọ́, ìnàkí 3 ni. Igbó kan náà, ìtẹ́ kan náà, ìdáhùn méjì. Bí òjò ṣe pọ̀ sí, irú igi tó wà níbẹ̀, bí òkè ṣe ga sí, gbogbo rẹ̀ ló ń yí iye ọjọ́ yìí padà. Síbẹ̀ ẹni tó ń kánjú kì í dúró wo bí ìtẹ́ ṣe ń jẹrà nínú igbó tó ń yẹ̀ wò; iye ọjọ́ tí wọ́n rí nínú igbó mìíràn, ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ni yóò yá lò. Lórí Nimba, àwọn ìnàkí kan tilẹ̀ ń tẹ́ ìtẹ́ sórí ilẹ̀. Ojú tó gbára lé òkè nìkan yóò kọjá lára wọn.

Ìgbà tí wọ́n lọ tún ń pinnu ohun tí wọ́n rí. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀nà igbó ń dára, ẹ̀ẹ̀rùn ni ọkọ̀ kì í rì, nítorí náà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀ àwọn aṣàyẹ̀wò tí iléeṣẹ́ gbà síṣẹ́ fẹ́ràn láti lọ. Ẹ wá rántí pé inú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọ́ Nimba ń wà ní ẹ̀ẹ̀rùn, abo rẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú. Ẹni tó bá gun òkè náà ní oṣù January lè fi ọ̀sẹ̀ méjì wá a kó má rí ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ó ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Bí ó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò rí i, kò parọ́. Ẹni tó bá ka ìwé náà tó sì sọ pé kò sí níbẹ̀ ni ó parọ́. Àyẹ̀wò tó péye gbọ́dọ̀ rí òjò, kó rí ẹ̀ẹ̀rùn, ó kéré tán ọdún kan gbáko, kó tó lẹ́nu ọ̀rọ̀. Kámẹ́rà tó ń dá ya àwòrán wà báyìí, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn wà, a sì lè mọ ẹranko tó mu omi odò kan láti inú ohun tí ara rẹ̀ fi sílẹ̀ nínú omi náà. Gbogbo wọn wúlò. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó rọ́pò ọdẹ tó ti gbé ẹ̀bá igbó yẹn fún ogójì ọdún. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ọdẹ mọ ibi tí ẹranko ti ń mumi nígbà tí odò bá gbẹ, ó mọ ẹranko tí bàbá rẹ̀ ń pa tí òun kò rí rí, ó sì mọ ìgbà tí erin kọjá kẹ́yìn. Mo ti ka ìwé àyẹ̀wò tó nípọn tí orúkọ ọdẹ kan ṣoṣo kò sí nínú rẹ̀, ó sì dùn mí.

Ohun tí ìpẹ́ ń ṣe hàn gbangba ní Tànsáníà. Ìsédò ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, kì í ṣe ìwakùsà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni. Wọ́n ti ń kọ́ ìsédò iná mànàmáná sórí odò Kihansi kí àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò tó ṣàwárí, ní ọdún 1996, ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan tó ń gbé inú ìkùukùu omi tó ń ta láti ara ìtàkìtì odò náà, tí kò sì sí níbòmíràn. Owó ti wọlẹ̀, àdéhùn ti wà. Nígbà tí wọ́n darí omi gba ibòmíràn, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá omi ìtàkìtì náà lọ. Wọ́n sáré kó ọ̀pọ̀lọ́ 499 lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 2000, wọ́n fi páìpù wọ́n omi sí àwọn tó kù. Ní 2009, IUCN kéde pé kò sí i mọ́ nínú igbó. Nígbà náà, inú àpótí dígí nìkan ni ó kù sí. Àwọn tó rí i kò jẹ̀bi. Ìgbà tí wọ́n rán wọn lọ ló jẹ̀bi.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gbòòrò tó hàn nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2024. Àwọn onímọ̀ gbé àwòrán ilẹ̀ ibi ìwakùsà sórí àwòrán ilẹ̀ ibi tí ìnàkí, bonobo àti gọ̀rílà ń gbé ní Áfíríkà. Wọ́n ka kìlómítà 10 yí ibi ìwakùsà ká fún ìpalára tààrà, wọ́n sì ka kìlómítà 50 fún èyí tí ọ̀nà àti èrò ń fà. Àwọn bíi 180,000 nínú àwọn ẹranko yìí, tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo wọn lọ, ni ewu yìí lè kàn. Ní Gínì, ó lè tó 83 nínú ọgọ́rùn-ún ìnàkí ilẹ̀ náà. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù ni pé nínú gbogbo àyẹ̀wò tó wà nínú àkójọ IUCN nípa àwọn ẹranko wọ̀nyí, ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ló wá láti ibi ìwakùsà. Àwọn iléeṣẹ́ ń kà, wọ́n ń sanwó fún un, wọ́n sì ń ti ìwé náà mọ́ inú àpótí.

Òfin àwọn ayánilówó kò burú lórí ìwé. IFC, ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé tó ń yá iléeṣẹ́ aládàáni lówó, ní ìlànà kan láti 2012: kí iléeṣẹ́ kọ́kọ́ yẹra fún ìpalára, kó dín èyí tí kò ṣeé yẹra fún kù, kó tún ibi tó bàjẹ́ ṣe, kó tó wá gbìyànjú láti fi ibòmíràn dípò. Ọ̀pọ̀ ló ń fò láti ìbẹ̀rẹ̀ bọ́ sí ìgbẹ̀yìn. Ní Gínì, iléeṣẹ́ méjì tó ń wa bauxite fi owó ṣètìlẹ́yìn fún ọgbà igbó ńlá Moyen-Bafing tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2021, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìnàkí ló sì wà níbẹ̀. Inú mi dùn sí ọgbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn ìnàkí tó wà níbẹ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. A kò lè kà wọ́n sí arọ́pò àwọn tó kú níbòmíràn àfi tí iye wọn bá pọ̀ sí i ní tòótọ́, ìyẹn yóò sì gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀pọ̀lọ́ Nimba kò sì ní ibòmíràn tí a lè fi dípò rárá.

Nílé wa ńkọ́? Wúrà wà láti Ilé-Ifẹ̀ dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, iléeṣẹ́ ńlá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ ní Ṣẹ́gilọlá láti 2021, yàtọ̀ sí àwọn tó ń wà á lọ́wọ́ nínú odò. Ọ̀dà ilẹ̀ wà ní Agbábù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n ti ń lu ilẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ní agbègbè kan náà ni àwọn igbó ọba wà: Ọ̀mọ̀ tí erin ṣì wà nínú rẹ̀, Olúwa, Ìdànrè, àti Ìsẹ̀ ní Èkìtì. Ìnàkí ṣì wà nínú díẹ̀ lára wọn, àmọ́ ní 2009 ni onímọ̀ kan, Elizabeth Greengrass, ti kọ ọ́ pé ìnàkí gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà ti súnmọ́ ìparun. Òfin àyẹ̀wò ipa lórí àyíká ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1992. Àtẹ inú rẹ̀ sọ ọ́ di dandan kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò níbi tí ìwakùsà tuntun bá gbà ju héktà 250 lọ. Ìwakùsà ni àtẹ náà dárúkọ. Nínú igbó tí ìnàkí rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, ọ̀nà ìṣàwárí kan ṣoṣo lè parí iṣẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìwakùsà tó délẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ìlú yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, ẹ̀yin ọba, ìjòyè àti ọ̀dọ́ tí àwọn aṣàwárí ń wá bá pẹ̀lú ọtí àti ọ̀rọ̀ rere, ẹ má kàn béèrè iṣẹ́ àti kànga nìkan. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹranko kí wọ́n tó la ọ̀nà, kí ẹnìkan kà á fún yín ní Yorùbá. Ẹ wo oṣù tí wọ́n lọ sínú igbó, ẹ wo bóyá òjò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wo bóyá ọdẹ ìlú yín tẹ̀ lé wọn. Ẹ béèrè ẹni tí yóò dí ọ̀nà náà bí wọn kò bá rí nǹkan, kí ó fọwọ́ sí i, kí owó iṣẹ́ náà sì ti wà nílẹ̀. Bí wọn kò bá ní ìdáhùn sí èyí, ẹ má tíì jẹ́ kí katakata wọlé.